Ta ni wọ́n ń bọ nílé Tai Dam?

Ẹni tó bá gbọ́ "Tai" lónìí, Bangkok ni ọkàn rẹ̀ máa sáré lọ: tẹ́ḿpìlì tó ń kọ mànà bíi wúrà, ère Buddha, mọ́ńkì tó fárí kodoro. Tí wọ́n bá tún fi "Dam" kún un, tí wọ́n ní dúdú ni, ọ̀rọ̀ á wá dojú rú pátápátá. Ṣé aláwọ̀ dúdú kan wà ní Thailand tí a kò gbọ́ nípa wọn rí ni? Rárá o. Òkè àti àfonífojì ìhà àríwá ìwọ̀ oòrùn Vietnam ni ilé àwọn Tai Dam, ní Son La, ní Dien Bien àti ní agbègbè Nghia Lo. Àwọ̀ ara wọn kò yàtọ̀ sí ti aládùúgbò wọn. Aṣọ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn sọ pé ó bí orúkọ náà, ìyẹn aṣọ aró tó ṣú dùdù tí àwọn obìnrin wọn ń wọ̀. Wọ́n ní ìbátan tí wọ́n ń pè ní Tai Funfun, àwọn mìíràn sì tún wà tó ń jẹ́ Tai Pupa. Ìjọba Vietnam kò tiẹ̀ yà wọ́n sọ́tọ̀. Orúkọ kan ṣoṣo ni wọ́n kọ gbogbo wọn sí, Thái, wọ́n sì lé ní mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rin (1,800,000) nínú ìkànìyàn ọdún 2019. Àwọn ni ẹ̀yà kẹta tó pọ̀ jù ní orílẹ̀-èdè náà.

Ìbátan àwọn ará Thailand ni wọ́n lóòótọ́. Láti Guangxi ní gúúsù Ṣáínà títí dé Assam ní Íńdíà ni àwọn èdè Tai ti tàn ká. Àwọn ará Thailand, àwọn Lao àti àwọn Shan ti Burma gba ẹ̀sìn Buddha, wọ́n sì fi gbé ìjọba wọn ró. Ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn Tai Dam kò gbà á. Nítorí ìyẹn, àwọn kan máa ń wò wọ́n bí ẹni tó tọ́jú ẹ̀sìn gbogbo Tai pa mọ́ láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Mi ò fara mọ́ ọn tán. Pé ẹnì kan kò gba ẹ̀sìn àjèjì kò ní kó dúró sójú kan. Ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ni àwọn ènìyàn yìí ti fi bá Vietnam, Laos àti Ṣáínà lò pọ̀, tí àwọn olóyè wọn ń san ìṣákọ́lẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún. Àṣà wọn náà sì ń yí bí ayé ti ń yí.

Ibi tí àlàyé ti máa ń polúkúrúmuṣu jù ni ọ̀rọ̀ ohun tí wọ́n ń bọ. Àwọn tó ń mú arìnrìn-àjò káàkiri á ní "ẹ̀mí ni wọ́n ń bọ," wọ́n á sì kọjá. Gbólóhùn yẹn kò sọ nǹkan kan. Phi ni wọ́n ń pe ẹ̀mí, phi sì pọ̀ bí eṣú: ti inú ilé wà, ti abúlé wà, ti igbó wà, ti odò wà. Ejò ńlá kan wà nínú omi jíjìn tí wọ́n ń pè ní nguoc, tí kò ṣeé fi ṣeré. Lókè ọ̀run, àwọn Then wà, Then Luang sì ni olórí wọn. Ènìyàn fúnra rẹ̀ tún ní khwan, ìyẹn ẹ̀mí tó ń gbé inú ara rẹ̀, èyí tó jẹ́ ohun mìíràn lọ́tọ̀. Bí ẹ bá gbìyànjú láti tò wọ́n sórí ìwé bí ẹni tó ń to òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì, orí á fọ́ yín. Ìbéèrè tó máa là yín lójú yàtọ̀: ibo ni wọ́n ti ń bọ ọ́, ta ló sì ní ẹ̀tọ́ láti bọ ọ́? Ojúbọ mẹ́ta ló wà, ìkan ju ìkan lọ: ilé, tí wọ́n ń pè ní huon, abúlé, tí wọ́n ń pè ní ban, àti muang, ìyẹn àfonífojì kan pẹ̀lú gbogbo abúlé inú rẹ̀ lábẹ́ olóyè kan. Sen ni wọ́n ń pe ìpèsè. Sen huon wà, sen ban wà, sen muang sì wà. Ẹni tó bá mọ ìyàtọ̀ àárín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti mọ ìdajì ọ̀rọ̀ náà.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ nínú ilé. Orí òpó ni wọ́n ń kọ́ ilé sí. Láyé àtijọ́, ẹran ọ̀sìn ló ń sùn lábẹ́ rẹ̀. Lónìí, alùpùpù ló kún ibẹ̀. Òrùlé rẹ̀ tẹ̀ rọ̀bọ̀tọ̀ bí ẹ̀yìn ìjàpá, pákó méjì tó dábùú ara wọn sì máa ń wà ní téńté rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní khau cut. Wọ́n ní ìjàpá ló kọ́ wọn ní ilé kíkọ́. Ọkùnrin kan mú un nínú igbó, ìjàpá ní kó má pa òun, kó wo ara òun dáadáa: kó fi ẹsẹ̀ mẹ́rin ṣe òpó, kó fi ẹ̀yìn líle ṣe òrùlé. Ọkùnrin náà tú u sílẹ̀, ó lọ kọ́ ilé. (Ìjàpá inú àlọ́ tiwa ì bá ti gba owó iṣẹ́ ná, kó tó kọ́ni ní ohun tí kò pé.)

Àkàsọ̀ méjì ló máa ń wà, ìkan ní ìpẹ̀kun kọ̀ọ̀kan. Ìpẹ̀kun àkọ́kọ́ ni wọ́n ń pè ní quan. Ibẹ̀ ni àwọn ọkùnrin àti àlejò ń gbà gòkè. Ìpẹ̀kun kejì ni chan, ti àwọn obìnrin, níbi tí omi àti iṣẹ́ ilé wà. Ní ìhà quan yìí ni iyàrá kékeré kan wà, tàbí igun kan tí wọ́n gé sọ́tọ̀, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ kalohong. Ibẹ̀ ni àwọn baba ńlá ń gbé. Àga lè má sí níbẹ̀, ère kò sí, àwòrán kò sí. Ẹni tó kọ́kọ́ wọlé lè rò pé ibi ìkẹ́rùsí ni. Àlejò kì í wọ ibẹ̀. Ìyàwó tuntun pàápàá kò gbọ́dọ̀ kù gìrì wọ ibẹ̀ kí wọ́n tó fi í han àwọn òkú ilé. Ibùsùn bàbá ilé ló máa ń sún mọ́ ọn jù, tí ti àwọn ọmọ á wá tò tẹ̀ lé e síwájú, débi pé ẹni tó bá mọ ilé kan dáadáa lè mọ ipò ẹnì kọ̀ọ̀kan láti ibi tó ń sùn.

Oúnjẹ ni iṣẹ́ kalohong. Èyí ló ṣe pàtàkì jù, òun sì ni àwọn àlejò kì í rí. Àdúrà fún òkú ṣe díẹ̀ níbẹ̀. Bíbọ́ òkú ló jẹ wọ́n lógún. Láàrin àwọn Tai Dam tó wà ní Thailand (a ó rí bí wọ́n ṣe débẹ̀ tó bá yá), ìdílé ọlọ́lá, tí wọ́n ń pè ní phu tao, máa ń gbé oúnjẹ fún àwọn òkú wọn ní ọjọ́ márùn-ún márùn-ún. Ìdílé mẹ̀kúnnù, tí wọ́n ń pè ní phu noi, á sì ṣe é ní ọjọ́ mẹ́wàá mẹ́wàá. Pat tong ni wọ́n ń pè é. Kì í ní ariwo: ìrẹsì díẹ̀, ẹja tàbí ẹran, ẹni tó jẹ́ olórí ilé á gbé e wọlé, á pè wọ́n jẹun, ó parí.

Sen huon ni ti ńlá. Ọdọọdún ni àwọn kan ń ṣe é, àwọn mìíràn á fi ọdún méjì tàbí mẹ́ta sí i, gẹ́gẹ́ bí agbára bá ti mọ. Wọ́n á pa ẹlẹ́dẹ̀. Wọ́n á se ìrẹsì alálẹ̀mọ́ tí í ṣe oúnjẹ ojoojúmọ́ wọn, wọ́n á gbé ọtí kalẹ̀, ẹbí á sì pé. Mo, ìyẹn àgbà tó mọ ọ̀rọ̀ ìpèsè sórí, á jókòó sí kalohong, á bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ. Ní Thailand, ìwé kan wà tí ìdílé kọ̀ọ̀kan ń kọ orúkọ àwọn òkú wọn sí, tí wọ́n ń tọ́jú pa mọ́ bí ìwé ilẹ̀. Bí Mo ti ń pe orúkọ kan, á mú ẹran àti oúnjẹ díẹ̀, á jù ú sínú ihò kékeré kan lára ilẹ̀ pákó. Orúkọ kan, oúnjẹ kan. Bí òkú bá pọ̀, ó lè gba ọ̀pọ̀ wákàtí.

Orúkọ ta ni wọ́n ń pè? Ìran baba nìkan, pẹ̀lú àwọn obìnrin tí wọ́n fẹ́ wọlé. Ọmọbìnrin tó lọ sílé ọkọ, ilé ọkọ ni wọ́n ti máa pe orúkọ rẹ̀ nígbà tó bá kú. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé àwọn Tai Dam "ń bọ òkú," ẹ bi í léèrè òkú ta ni. Òkú onílé kejì kò kan onílé yìí, kò sì ní bọ́ ọ. Orúkọ ìdílé pàápàá ń gbé èèwọ̀ tirẹ̀ lọ́wọ́. Àwọn Lo kì í jẹ ẹyẹ tang lo, àwọn Quang kì í sì í fọwọ́ kan ẹran ẹkùn.

Àwọn kan máa ń da Mo pọ̀ mọ́ Mot. Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹni tó jẹ́ Mo ní ọ̀rọ̀ lórí, ó lè ní ìwé lọ́wọ́, ó sì mọ ètò ìpèsè. Elégùn ni Mot, ó lè jẹ́ obìnrin tàbí ọkùnrin. Ẹ̀mí tó ń gbé e gùn ló ń bá a rìn lọ wádìí ohun tó ń ṣe aláìsàn: ṣé òkú kan ni ebi ń pa, ṣé phi igbó ni aláìsàn náà kọsẹ̀ lù, àbí khwan rẹ̀ ló sá lọ? Bí Mot bá ti rí ìdí ọ̀rọ̀, ẹni tó jẹ́ Mo lè wá ṣe ètùtù tó bá yẹ. Nígbà ìrúwé, tí òdòdó igi kan tí wọ́n ń pè ní ban (kì í ṣe ban abúlé) bá tan funfun lórí òkè, àwọn tí Mot ti wò sàn á kóra jọ sílé rẹ̀, wọ́n á gbé ọrẹ wá, wọ́n á jó, wọ́n á mu.

Ọ̀rọ̀ khwan wá dé. Ẹni tó ń gbọ́ Yorùbá á fẹ́ sáré sọ pé khwan ni orí, phi ni òrìṣà, Then Luang sì ni Olódùmarè. Ẹ dúró ná. Khwan kò yan ohunkóhun kó tó wá sáyé, ènìyàn kì í sì í ní ẹyọ kan. Ọgbọ̀n ni wọ́n ní ó wà níwájú ara, àádọ́ta lẹ́yìn, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ọgọ́rin. Ó wà ní orí, ó wà ní ọwọ́, ó wà ní orúnkún. Wọ́n máa ń ṣí kúrò. Ọmọ tó ṣubú sódò tí jìnnìjìnnì bò, ó lè jẹ́ pé khwan rẹ̀ kan jókòó sí etí odò yẹn tí kò tẹ̀ lé e wálé. Ọmọ náà á máa rù, á máa sunkún lóru. Wọ́n á mú ẹ̀wù rẹ̀, wọ́n á gbé oúnjẹ, wọ́n á lọ pè é wálé, wọ́n á wá so òwú mọ́ ọmọ náà lọ́rùn ọwọ́ kí khwan má baà tún lọ. Ẹ fi ẹ̀wù yẹn sọ́kàn. Ẹ̀wù ẹni ni àpẹẹrẹ ẹni nínú gbogbo ètò wọn, a ó sì tún bá a pàdé nínú ọ̀rọ̀ olóyè muang.

Bí ènìyàn bá kú, àwọn khwan yìí á pín. Àwọn kan á gòkè lọ bá Then ní Muang Fa, ìlú ojú ọ̀run. Àwọn kan á dúró sí kalohong. Àwọn kan á wà ní igbó òkú tí wọ́n ń pè ní pa heo, níbi tí wọ́n ti máa ń kọ́ ilé kékeré fún olóògbé, tí wọ́n á sì gbé àsíá sórí òpó gíga. Ìdí nìyí tí kò fi sí ìtakora nígbà tí ará Tai Dam bá sọ pé bàbá òun wà lọ́run, tó sì tún ní kí ẹ má pariwo, bàbá òun wà nínú iyàrá yìí.

Ìrìn àjò lọ sí Muang Fa ní ọ̀nà tirẹ̀, kò sì gba òfuurufú tààrà. Òkú gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ padà sí Muang Lo, àfonífojì Nghia Lo ìsinsìnyí, torí ibẹ̀ ni wọ́n gbà pé àwọn Tai Dam ti ṣẹ̀. Ìtàn wọn sọ pé àwọn ọmọ ọba méjì, Tao Suong àti Tao Ngan, sọ̀ kalẹ̀ láti ọ̀run síbẹ̀ pẹ̀lú òpó mẹ́jọ àti agbè mẹ́jọ, inú agbè yẹn ni ènìyàn wà. Lẹ́yìn náà, akọni kan tó ń jẹ́ Lan Chuong kó ogun jáde láti Muang Lo, ó ń ṣẹ́gun àfonífojì lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi dé Muang Thanh. Muang Thanh yìí ni gbogbo ayé mọ̀ sí Dien Bien Phu. Nígbà tí ènìyàn bá kú, wọ́n á ka ọ̀nà náà fún un sẹ́yìn: orúkọ ìlú, orúkọ òkè, orúkọ odò, títí dé Muang Lo, dé odò Nam Toc Tat, kó tó gòkè. Ẹni tó bá fetí sí i dáadáa gbọ́ ìtàn àti àwòrán ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tó jọ mí lójú jù nínú gbogbo àṣà wọn nìyí, pé ìtàn ogun àwọn baba ni òkú mẹ̀kúnnù ń rìn padà.

Ta ló ń darí ètò òkú? Ọkọ ọmọ. Àwọn ọmọ ọkùnrin ń ṣọ̀fọ̀. Ẹni tó fẹ́ ọmọbìnrin olóògbé ló máa kó ìpalẹ̀mọ́ sórí. Èyí kò yé ènìyàn àyàfi tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń to ẹbí. Gbogbo ènìyàn ní ọ̀nà mẹ́ta láti bá ẹlòmíràn tan. Ai nong ni ìran baba rẹ. Lung ta ni ilé tí ìran rẹ ti fẹ́ ìyàwó. Nhinh sao ni ilé tí àwọn ọmọbìnrin yín lọ. Lung ta ló ga jù nínú ọ̀wọ̀, torí ẹni tó fún yín ní ìyàwó fún yín ní ọmọ. Ìyàwó kì í sì í gba ọ̀nà kan náà padà: ilé tó ti fún yín ní ìyàwó, ẹ kò ní fi ọmọ tiyín fún un. Nítorí náà, ọkọ ọmọ jẹ ilé ìyàwó rẹ̀ ní gbèsè títí ayé, ọjọ́ òkú ló sì ń san án jù.

Ó tiẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í san án kí ìgbéyàwó tó parí. Láyé àtijọ́, ọkùnrin á lọ gbé nílé àna rẹ̀ fún ọdún mélòó kan, á máa ro oko wọn, á máa gbé igi wọn, òun fúnra rẹ̀ á máa sùn ní ìhà quan bí àlejò. Lónìí ó ti kúrú gan-an, ó ti di ti orúkọ lásán ní ibi púpọ̀. Ohun tí kò tíì lọ ni tang cau. Lọ́jọ́ yẹn, àwọn obìnrin á ya irun ìyàwó, wọ́n á wé e sókè ní àtàrí, wọ́n á fi igi fàdákà gún un. Láti ọjọ́ náà lọ, ẹnikẹ́ni tó bá rí i lọ́jà mọ̀ pé ó ní ọkọ. Bí ọkọ bá kú, irun náà á wá sílẹ̀ fún ìgbà ọ̀fọ̀. Àwọn Tai Funfun kì í ṣe tang cau, ó sì wà lára ohun tí àwọn obìnrin fi ń dá ara wọn mọ̀ yàtọ̀ sí aṣọ.

Abúlé náà ní ìpèsè tirẹ̀. Nǹkan tó so àwọn onílé pọ̀ ni omi. Ìrẹsì inú àbàtà ni wọ́n ń gbìn, àwọn ni wọ́n sì mọ̀ jù ní gbogbo agbègbè náà nípa dídí odò, gbígbẹ́ ojú àgbàrá àti fífi ọparun gbé omi gba orí ilẹ̀. Kẹ̀kẹ́ omi ńlá tí odò fúnra rẹ̀ ń yí, tó ń bu omi sókè, wọ́pọ̀ lẹ́bàá àwọn abúlé wọn. Kò sí ilé tó lè dá ṣe ìyẹn. Bí omi ṣe jẹ́ ti gbogbo ènìyàn, bẹ́ẹ̀ ni phi abúlé jẹ́ ti gbogbo ènìyàn. Igbó kan wà tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gé igi níbẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe sen ban. Lọ́jọ́ náà, wọ́n á ti abúlé. Wọ́n á fi ọparun hun àmì kan tó rí bí ìràwọ̀, ta leo, wọ́n á gbé e kọ́ sí ẹnu ọ̀nà. Àlejò kò gbọdọ̀ wọlé, ẹni tó wà nínú kò sì ní jáde lọ ṣiṣẹ́.

Muang wá ni òkè pátápátá, ibẹ̀ sì ni ẹ̀sìn ti di òṣèlú. Láyé àtijọ́, kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló lè jẹ olóyè muang. Ìdílé Lo Cam ni, àwọn tó ka ara wọn sí ọmọ Lan Chuong. Àwọn Luong ló sì ń ṣe àwòrò. Ilẹ̀ ìrẹsì jẹ́ ti muang. Olóyè ló ń pín in, ẹni tó bá gba ìpín gba iṣẹ́ mọ́ ọn: ogun, ọ̀nà, oko olóyè. Ní sen muang, wọ́n á pa ẹfọ̀n ní ìdí lak muang, òpó tó dúró fún ilẹ̀ náà. Ẹ̀wù olóyè sì ni wọ́n máa ń gbé jáde síbẹ̀. Ẹ̀wù tó dúró fún khwan ọmọ kékeré létí odò, òun náà ló dúró fún ẹ̀mí gbogbo muang níhìn-ín. Bí ara olóyè bá le, ìrẹsì á so dáadáa. Ẹni tó bá wo èyí dáadáa á rí i pé ìpèsè náà ń sọ fún gbogbo ènìyàn, lọ́dọọdún, ìdí tí ilẹ̀ fi jẹ́ ti Lo Cam. Lọ́run pàápàá, wọ́n ní ibi tí àwọn ọlọ́lá ń gbé kì í ṣe ibi tí mẹ̀kúnnù ń gbé.

Èyí ló jẹ́ kí muang kọ́kọ́ ṣubú. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1954, àwọn Faransé ṣẹ́gun tì ní Dien Bien Phu, nínú àfonífojì àwọn Tai gan-an. Ìjọba kọ́múníìsì tuntun ti Vietnam dá agbègbè olómìnira kan sílẹ̀ fún wọn ní 1955, wọ́n sì fagi lé e ní 1975. Ṣùgbọ́n kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, wọ́n ti fòpin sí agbára olóyè, nígbà tó sì di ìparí àwọn ọdún 1950, ilẹ̀ ìrẹsì ti ń wọnú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Bí kò bá sí olóyè tó ń pín ilẹ̀, ẹ̀wù ta ni wọ́n fẹ́ gbé jáde? Ẹfọ̀n pípa di ìfowóṣòfò àti ìgbàgbọ́ asán lójú ìjọba. Sen muang dákẹ́. Sen ban náà jó rẹ̀yìn. Sen huon kò kú, torí kò sí ọlọ́pàá tó lè mọ ohun tí bàbá ilé sọ sínú ihò ilẹ̀ pákó.

Ilé ṣeé gbé rìn, muang kò ṣeé gbé. Ìtàn àwọn tó jáde kúrò níbẹ̀ fi èyí hàn kedere. Láti 1779 ni ogun Siam (orúkọ Thailand àtijọ́) ti ń kó àwọn Tai Dam lẹ́rú lọ sí Phetchaburi, ní àárín gbùngbùn Thailand. Ó lé ní igba ọdún báyìí. Àwọn ọmọ wọn ní Khao Yoi ń lọ sí tẹ́ḿpìlì Buddha bí aládùúgbò wọn, wọ́n sì tún ń ṣe sen huon nílé. (Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé ọ̀pọ̀ jù lọ ni kò gba Buddha, mi ò ní gbogbo wọn.) Àwọn mìíràn sá lọ sí Laos lẹ́yìn 1954, nígbà tí ìjọba yí padà níbẹ̀ náà ní 1975, wọ́n sọdá odò Mekong sí Nong Khai. Wọ́n kọ lẹ́tà sí àwọn gómìnà Amẹ́ríkà pé kí wọ́n gba àwọn lápapọ̀, kí wọ́n má fọ́n àwọn ká. Robert Ray, gómìnà Iowa, gbà. Ó tó ẹgbẹ̀rún kan ó lé igba (1,200) ènìyàn tó lọ, ìdí sì nìyí tí Des Moines, ìlú àgbàdo tí yìnyín ń bò, fi di ibi tí Tai Dam pọ̀ sí jù lẹ́yìn odi Éṣíà.

Àwọn tó dúró sílé náà ti ní láti ṣí. Ìdídò Son La lórí Odò Dúdú, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2005 tí wọ́n sì parí ní 2012, ń mú iná 2,400 mẹ́gáwáàtì jáde. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́rùn-ún (90,000) ènìyàn tó kúrò níbùgbé wọn nítorí rẹ̀, Tai ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ìjọba san owó ilé, ó san owó ilẹ̀. Wọ́n tú òpó ilé, wọ́n lọ tún un nà sí ibòmíràn, kalohong tẹ̀ lé wọn lọ. Igbó sen ban wà lábẹ́ omi.

Ẹni tó bá lọ sí agbègbè náà lónìí lè rí páálí tí wọ́n kọ "Sen Muang" sí, pẹ̀lú pèpéle, gbohùngbohùn àti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní ìlà iwájú. Kì í ṣe irọ́ o, àjọ̀dún ni, àwọn ènìyàn sì ń gbádùn rẹ̀. Ijó xoe tí wọ́n ń jó yí ká níbẹ̀ ni UNESCO kọ sínú ìwé ogún àṣà ayé ní 2021. Àmọ́ ẹ má rò pé ohun tí ẹ ń wò ni sen muang ti àwọn Lo Cam. Kò sí ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ń pín níbẹ̀ mọ́. Bí ẹ bá ní orire tí wọ́n pè yín wọ ilé lẹ́yìn àjọ̀dún, ẹ gba àkàsọ̀ ìhà quan gòkè, ẹ jókòó síbi tí wọ́n bá fi hàn yín, ẹ má sì ṣe fa aṣọ ìkélé igun yẹn láti ya fọ́tò. Ìgbà tí bàbá ilé bá gbé abọ́ oúnjẹ kékeré wọ ibẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun ni ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rí sen.